Ìka Mẹ́rin Lórí Èjìká

Ìka mẹ́rin péré ló kù nínú Sìkírátù. Wọ́n wà lórí èjìká Ìyáálé, ní etí fọ́tò pátápátá, òrùka fàdákà sì wà lára ọ̀kan nínú wọn. Ibi tó yẹ kí apá ti bẹ̀rẹ̀, igi dúdú tó yí fíréèmù ká ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Sìkírátù fa wáyà yọ lára ògiri. Ojú fíréèmù náà ṣú. Ó ká wáyà mọ́ ọwọ́, ó fi tówẹ̀lì wé fíréèmù, ó sì tì í bọ inú báàgì.

"Màmá, ẹ rọra o." Fàthíà ọmọ rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀wà lílọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. "Ibi kan ṣoṣo tí àwòrán wọn ṣẹ́kù sí nìyẹn."

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé mo fẹ́ fọ́ ọ ni?"

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ wá gbé e lọ nígbà náà."

"Èmi tí mo fẹ́ dín àkàrà igba èèyàn? Ẹ wo abọ́ tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn mi, Màmá. Ẹ lọ jàre."

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹjọ tí Sìdíkátù kú. Ìyáálé Sìkírátù ni Sìdíkátù. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni àwọn méjèèjì fi jọ gbé ilé ọkọ kan náà ní Ìgàndó. Fídáù rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìrun Àìlà. Zikrullah, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, wà ní London, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì pé, kò sì lè wálé wá sin ìyá rẹ̀. Ó pè ní ìdájí. Ó ní bí ojú òun kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà tẹ fọ́tò ìyá òun ní ńlá, kí wọ́n gbé e síbi tí àlejò á ti rí i. Òjò ńlá ọdún kejì sẹ́yìn ti wọlé ba gbogbo álíbọ́ọ̀mù jẹ́, ẹ̀dà tí Zikrullah kó lọ sí London sì ti bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó bàjẹ́ lọ. Fíréèmù oníná tí Zikrullah fi ránṣẹ́ láti London nìkan ni omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí orí kọ́bọ́ọ̀dù Ìyáálé ló máa ń wà.

Fàthíà tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. Ó bojú wẹ̀yìn wò.

"Màmá, ní ọjọ́ tí a sin wọ́n, tí Ààfáà ní kí ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ foríjì wọ́n, gbogbo èèyàn ló dáhùn. Ẹ̀yin ò dáhùn."

"Ẹnu mi lo wá ń wò níbi tí wọ́n ti ń sin òkú?"

"Gbogbo àdúgbò ló wo ẹnu yín. Wọ́n á tún bèèrè lónìí. Ẹ ṣáà sọ ọ́, Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kí ni òkú fẹ́ fi ṣe?" Ó gbé báàgì náà sí abíyá. "Mi ò purọ́ létí sàréè. Mi ò sì ní purọ́ lórí ẹní fídáù. Lọ dín àkàrà ẹ."

Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkòtún. Ó gbé fíréèmù náà lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kì í ṣe nítorí ìfẹ́. Ọ̀nà ló kún fún kòtò.

Bàbá Ràímì ọkọ wọn, bíríkìlà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun méjì wà tí kì í fi ṣeré: àgbò Iléyá àti fọ́tò Iléyá. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti jẹun tán, onífọ́tò á dé tòun ti ìkòkò òdòdó oníke tó máa ń gbé kiri. Fọ́tò gbọọrọ ni Bàbá Ràímì ń fẹ́, ó ní fọ́tò kúkúrú kò gba ilé òun. Bí wọ́n ṣe máa ń tò kò yí padà rí. Ìkòkò òdòdó á wà ní ìkángun kan. Zikrullah àti Fàthíà á dúró tẹ̀ lé e. Bàbá Ràímì á jókòó, Ìyáálé á jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ni Sìkírátù, lórí ìdúró, ní ìkángun kejì. Kò sẹ́ni tó tì í síbẹ̀. Ipò ìyàwó ni, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ dúró sí i, á tún máa sún sẹ́yìn bí ẹni pé àyè kò tó. Ìyáálé á na ọwọ́ fà á.

"Sún mọ́ mi. Gbé ọwọ́ lé mi léjìká, kí n mọ̀ pé o wà níbẹ̀."

Nígbà yẹn, gbogbo ọjọ́bọ̀ ni Sìkírátù ń di irun Ìyáálé fún Jímọ̀. Ìyáálé á jókòó sórí ẹní láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, á gbé orí tì í lórókún. Ẹni tó bá bá wọn báyẹn kò ní mọ èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ wọlé ọkọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ràímì kò gbọdọ̀ gbọ́. Ibẹ̀ ni Sìkírátù ti sọ fún un pé oyún méjì ti bàjẹ́ lára òun kí òun tó bí Fàthíà. Ìyáálé kò sọ pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di kókósẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí irun fi parí.

Bàbá Ràímì kú lọ́dún 2008. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni fíréèmù oníná dé.

NEPA mú iná wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ayálégbé sì rọ́ wọ yàrá Ìyáálé. Fọ́tò kìíní jáde. Sìkírátù wá ara rẹ̀, kò rí ara rẹ̀. Ó ní bóyá ìkejì. Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo fọ́tò náà. Nínú ọ̀kan, etí gèlè rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nínú òmíràn, imú bàtà. Nínú ti Iléyá tó kẹ́yìn ayé Bàbá Ràímì, ìka mẹ́rin. Nínú ìyókù, kò sí ohunkóhun. Zikrullah wà níbẹ̀, Bàbá wà níbẹ̀, Fàthíà tí òun bí wà níbẹ̀. Òun nìkan ni kò sí.

Ẹnì kan bèèrè ẹni tó yan àwọn fọ́tò tó dára báyìí. Ìyáálé fi ọwọ́ lu àyà.

"Èmi ni. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ń pè é fún Zikrullah lórí fóònù. Ọdún báyìí, aṣọ báyìí. Kò sí èyí tí kì í ṣe èmi ni mo yàn án."

Sìkírátù jáde lọ pọn omi tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Abéèrè kì í ṣìnà, Bàbá Ràímì máa ń wí bẹ́ẹ̀ bí ọ̀nà bá dàrú mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà pé òun mọ ọ̀nà kì í bèèrè. Sìkírátù kò bèèrè. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ìka ń dun òun. Lọ́jọ́bọ̀ kejì, ó tún ní ìka ń dun òun. Lọ́jọ́bọ̀ kẹta, kò sọ nǹkan kan. Ìyáálé jókòó sórí ẹní pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́ títí wọ́n fi pe ìrun Mágàríbì, ó wá dìde, ó ká ẹní. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó lọ gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí ni mo ṣe, Sìkírá?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyáálé bi í.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́. Ohun tó tún ń dun Sìkírátù jù ni pé Ìyáálé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Bí iná bá ti dé, á ké láti yàrá rẹ̀: "Sìkírá! Wá wo bí o ṣe rí nínú èyí! Ò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí adìyẹ gbé!" Bí àlejò bá wá, á mú un dé iwájú fíréèmù, á máa fi ìka tọ́ka: "Bàbá Ràímì nìyí. Èmi nìyí. Sìkírá nìyẹn, ní ìkángun." Ìka rẹ̀ á sì kan igi dúdú tó yí i ká, kò, kò, kò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Àlejò á rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Sìkírátù náà rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó ń gbọ́ ìró náà láti yàrá tirẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Matilda onífọ́tò wà lẹ́yìn ọjà Ìkòtún, láàárín obìnrin tó ń ta wíìgì àti ọkùnrin tó ń tún aago ṣe. Aṣọ àdúrà funfun kan wà lórí ìṣó lára ògiri, Matilda fúnra rẹ̀ kò wọ bàtà. Kò ju ẹni ogójì ọdún lọ.

"Màmá, ẹ wolẹ̀, wáyà wà níbẹ̀. Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Fọ́tò inú ẹ̀ la fẹ́ tẹ̀. Òkú ni."

"Ha. Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ìyá yín ni?"

"Ìyáálé mi."

Matilda wò ó díẹ̀, ó ki wáyà bọ iná. Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ti ìka mẹ́rin, ó fi ìka tẹ bọ́tìnì kan, fọ́tò náà sì dúró.

"Ta ni wọ́n gé báyìí?"

"Èmi ni."

"Ta ló gé yín?"

"Ẹni tí a fẹ́ ṣe fídáù rẹ̀ ni."

Matilda tẹjú mọ́ fọ́tò náà. Ó yí fíréèmù sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Ó wá na ọwọ́ sí ìkángun kejì.

"Màmá, kí ló wà níhìn-ín?"

"Níbo?"

"Níhìn-ín. Ewé oníke ni mo ń wò yìí, àbí ojú mi ni? Ewé méjì péré. Ìkòkò ẹ̀ dà?"

"Ìkòkò òdòdó onífọ́tò ni. Ó máa ń gbé e síbẹ̀."

"Ó dáa. Wọ́n gé ìkòkò náà. Ṣé òun náà bá wọn jà ni?"

Sìkírátù sún mọ́ ọn. Ó ń wo ewé méjì náà. Ó ti wo fọ́tò yìí fún ọdún mẹ́rin, kò sì wo apá ibẹ̀ rí.

"Kò sẹ́ni tó gé yín," Matilda wí. "Fọ́tò yín gùn, ojú fíréèmù yìí ò gùn tó o. Bí wọ́n ṣe ń kó o jáde láti ilé iṣẹ́ nìyí, kì í fẹ́ kí àyè kankan ṣófo lójú ẹ̀. Á fẹ fọ́tò títí á fi kún un lókè nílẹ̀. Èyí tó bá wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní sí lójú ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wà ní ìkángun ló máa ń lọ. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbé e wá fún mi. Rìmóòtù ẹ̀ dà?"

"Ó ti sọnù tipẹ́."

"Kò burú. Bọ́tìnì wà lẹ́yìn." Ó dojú fíréèmù dé, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ máa wò ó o. Á kéré sí i. Tí ẹ bá fẹ́ kó kún, ẹnì kan á jáde. Tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo yín wà níbẹ̀, á kéré, dúdú á sì wà lókè àti nísàlẹ̀. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é."

Ó yí i padà.

Fọ́tò náà ti kéré lóòótọ́. Dúdú wà lókè, dúdú wà nísàlẹ̀, bí ọ̀já méjì. Láàárín wọn ni ìkòkò òdòdó náà wà, odindi. Zikrullah, Fàthíà, Bàbá Ràímì, Ìyáálé. Apá kan sì jáde láti ara ìka mẹ́rin náà, èjìká tẹ̀ lé e, ọrùn, ojú. Obìnrin kan tó wọ léèsì àwọ̀ ewé ló dúró níbẹ̀, ó ṣẹ́ orí sẹ́yìn, eyín rẹ̀ sì ta síta pátápátá. Lóòótọ́, ó dà bí ẹni tó jí adìyẹ gbé.

"Ẹ̀yin rèé," Matilda wí.

"Tẹ èyí tó kàn."

Ó tẹ̀ ẹ́. Sìkírátù wà níbẹ̀. Ó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e. Ó wà níbẹ̀, ó gbé Fàthíà pọ̀n. Ó wà níbẹ̀ nínú aṣọ àdìrẹ tó ti fi ṣe ìnulẹ̀ láti ọdún wo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wọ́n. Nígbà tó dé mẹ́tàdínlógún, ó ní kí Matilda tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Matilda sì tún bẹ̀rẹ̀, kò ráhùn.

Kò sí ọ̀kan tí òun kò sí níbẹ̀.

Ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà á. Ó mọ̀ pé fọ́tò tí òun kò sí níbẹ̀ pọ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù yẹn. Ti ìgbà tí òun kò tíì wọlé ọkọ wà níbẹ̀. Ti ọjọ́ tí Zikrullah gboyè wà níbẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí.

Fóònù rẹ̀ dún. Zikrullah ni.

"Màmá kékeré, ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé wọ́n ti rí fọ́tò náà yọ?"

Kí Sìkírátù tó wọlé ọkọ ni wọ́n ti bí Zikrullah, nítorí náà kì í pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ló sọ ọ́ láti ìgbà tó ti ń rá kòrò.

"Wọ́n ti rí i. Adúmáadán, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan." Ó gbé ọwọ́ lé fíréèmù náà. "Àwọn fọ́tò tó wà nínú fíréèmù yìí, báwo lẹ ṣe yàn wọ́n?"

"Èmi kọ́, Màámi ni. Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí pẹ̀lú káàdì fóònù nígbà yẹn!" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì já. "Wọ́n ní kí n má fi èyíkéyìí tí ẹ ò sí níbẹ̀ sí i. Mo ní ti ọjọ́ tí mo gboyè ńkọ́, tí èmi àti Bàbá àti àwọn fúnra wọn yà? Wọ́n ní, 'Sìkírá wà nílé lọ́jọ́ yẹn tó ń se oúnjẹ dè wá. Yọ ọ́.' Mo ṣe é títí, wọ́n ò gbà. Kí ló dé, Màmá kékeré?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ó tó mọ̀. Ohùn kan náà ni. Ohùn tó fi ń dá Ìyáálé lóhùn ni.

Matilda ti gbé àga kan wá sẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó. Ọkùnrin aláago yọjú, ó ní ṣé wọ́n ní ṣéńjì, ó wo ojú Sìkírátù, ó sì padà.

"Èwo ni kí n tẹ̀ nínú wọn?" Matilda bèèrè nígbà tó pẹ́ díẹ̀.

"Ti ìka mẹ́rin yẹn."

Matilda yọ káàdì kékeré kan lára fíréèmù, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà. Ó fa ojú Ìyáálé sún mọ́ tòsí. "Àwọn nìkan lẹ fẹ́, àbí? Màá gé gbogbo ẹni tó kù. Àmọ́ ọwọ́ yín wà léjìká wọn. Mo lè pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ á dà bí ibi tí wọ́n lẹ aṣọ mọ́."

"Jẹ́ kó wà."

"Ìka lásán? Láìní èèyàn? Àwọn tó bá rí i á máa bèèrè pé ìka ta ni."

"Kí wọ́n bèèrè," Sìkírátù wí.

Nígbà tó ń padà lọ sílé, kò rò ó pé òun ń ronú. Ó kàn ń rí ìgò oògùn kékeré tí Fàthíà máa ń kán sójú Ìyáálé ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ó ń rí bí Ìyáálé ṣe máa ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sí ilé ìwẹ̀, tó sì máa ń ní òun ń wá aláǹgbá ni. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì kí fíréèmù náà tó dé. Ohùn ló fi ń mọ èèyàn. Ẹni tí kò lè mọ ìyàtọ̀ nínú Fàthíà àti ayálégbé, kí ló ń rí lójú fíréèmù? Ìtànṣán. Aṣọ tó pọ́n, aṣọ tó funfun. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe tò. Ó mọ ẹni tó wà ní ìkángun. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ẹni náà kò sí níbẹ̀.

Wọ́n gbé fọ́tò náà lé àga lábẹ́ kánópì. Bí àlejò ṣe ń kọjá ni wọ́n ń tẹjú mọ́ ìka mẹ́rin náà. "Ọwọ́ ta nìyẹn?" ni obìnrin kan bi ẹnì kejì rẹ̀. "Ẹni tó ya fọ́tò ò gbọ́ṣẹ́," ìyẹn dá a lóhùn.

Ààfáà náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó pe Sìdíkátù ní òpó tó gbé ilé dúró, ó pè é ní ìbòòji igi ńlá, ó pè é ní odò tí kì í gbẹ. Sìkírátù jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin, kò sì rí Ìyáálé nínú gbogbo rẹ̀. Èyí tí òun mọ̀ fẹ́ràn èkuru àná. Ó máa ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Tí ó bá bínú, á máa gbá ilẹ̀ tó ti mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Ààfáà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀dá kì í gbé láyé kó má ṣẹ èèyàn. Ẹnikẹ́ni tí arábìnrin wa bá ṣẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ foríjì í."

"A ti foríjì í!"

Ohùn náà mi kánópì. Fàthíà wà lọ́ọ̀ọ́kán, abọ́ àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ìyá rẹ̀. Sìkírátù ya ẹnu. Ó ti ṣe tán láti sọ ọ́, nítorí ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ náà dé ahọ́n rẹ̀, ó sì dúró. Tí ó bá ní òun ti foríjì í, ó ti sọ pé Ìyáálé ṣẹ òun nìyẹn. Irọ́ ni.

Ó pa ẹnu dé. Ó ń dúró de ìbéèrè kejì. Tí Ààfáà bá bèèrè pé ta ló ṣẹ òkú, òun á dìde lójú gbogbo wọn, òun á sọ ọ́. Ó ti kó ìró rẹ̀ jọ láti dìde.

Ààfáà kò bèèrè ìyẹn. Wọn kì í bèèrè ìyẹn. Ó ti kọjá sórí àdúà, gbogbo èèyàn sì ń ṣe àmín.

"Ọkàn obìnrin yẹn le o," ẹnì kan wí lẹ́yìn rẹ̀, kò tilẹ̀ fi bò. Sìkírátù gbọ́. Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí àwọn àlejò ń jẹun, ó wọ yàrá Ìyáálé. Iná wà. Ó gbé fíréèmù náà padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ki wáyà bọ ògiri, ó sì jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Fàthíà wọlé bá a. Ó ti sunkún.

"Màmá, ẹ tún dákẹ́. Lójú gbogbo ayé."

"Kò ṣẹ̀ mí."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní kò ṣẹ̀ mí."

Fàthíà fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí fíréèmù. Ó sún mọ́ ọn. "Ẹ̀yin rèé! Màmá, ẹ̀yin rèé níbí! Ta ló dá yín padà síbẹ̀?" Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé kò sì tíì gbẹ. "Ẹ wo eyín yín. Kí lẹ ń rín báyẹn?"

"Mo dà bí ẹni tó jí adìyẹ gbé," Sìkírátù wí.

Wọ́n pe Fàthíà láti ìta, pé àkàrà ti tán lọ́dọ̀ àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sáré jáde. Fọ́tò kan lọ, òmíràn dé. Sìkírátù dìde láti pa iná rẹ̀. Nígbà náà ló rí igi dúdú tó yí fíréèmù ká. Ó ń dán níbi gbogbo, àfi ibì kan lápá ọ̀tún, tí kò tóbi ju orí ìka lọ. Ọ̀dà ti họ níbẹ̀, igi funfun ti yọ.

Ó gbé ìka lé e. Ó kàn án díẹ̀díẹ̀. Kò. Kò. Kò. Ó tún rọra fa ìka náà sọ́wọ́ òsì, kò ju ìbú àtàńpàkò kan lọ, títí ó fi kúrò lórí igi bọ́ sórí gíláàsì, sí ara obìnrin aláṣọ àwọ̀ ewé náà.

Ibi tí Ìyáálé ń fi hàn wọ́n náà nìyẹn.

Ó padà jókòó. Níta, wọ́n ti ń fọ àwo. Kò pẹ́ mọ́ tí wọ́n á fi pe ìrun Alásárì, lọ́jọ́bọ̀.